Sìló Píkọ́ọ̀pù Tó Ń Lọ Sókè Sódò: Bí Ẹ Ṣe Máa Wá Ìdí Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Páàtì

Ìbéèrè kan náà ló ń dé etí mi ṣáá láti ẹnu àwọn tó ń wa píkọ́ọ̀pù tó ti dàgbà, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń kó tòmátì kúrò ní Máìlì 12, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń kó ẹrù lọ sí Ìdúmọ̀tà. "Bọ̀ọ̀dá, bí mo bá ti dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ́ńjìnnì á ké vúùn, á rọlẹ̀, á tún ké vúùn. Bẹ́ẹ̀ mi ò tẹ iná (accelerator) o. Kí ni kí n rà?"

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Lọ́pọ̀ ìgbà tí mo ti bá àìsàn yìí pàdé, afẹ́fẹ́ tí kò yẹ kó wọlé ló ń wọlé, tàbí kí omi ráádíétọ̀ ti lọ sílẹ̀. Kò sí èyí tó ń béèrè brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, nínú méjèèjì. Mo mọ̀ bí ó ṣe ń dunni, torí ẹnì kan ti ta brain box tokunbọ̀ fún èmi náà lórí ọ̀rọ̀ yìí rí, owó ilé ìwé ọmọ ni mo sì fi rà á. Ọkọ̀ náà kò yí padà. Ìdí tí mo fi to ìgbésẹ̀ wọ̀nyí báyìí nìyẹn: èyí tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ ló ṣáájú, èyí tó ń gbowó ló kẹ́yìn. Ẹ má fo ọ̀kankan.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì

Sìló ni bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí nígbà tí ẹsẹ̀ dírẹ́bà kò sí lórí iná. Nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù oníbẹntiróòlù, tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ó yẹ kí aago RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) dúró síbì kan láàárín nǹkan bí 650 sí 850.

Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ilẹ̀kùn kékeré inú throttle body, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ẹ́ńjìnnì, á tì. Afẹ́fẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ nìkan ló yẹ kó máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Bí afẹ́fẹ́ mìíràn bá rí ihò wọlé, RPM á gòkè. Brain box á wò ó pé ilẹ̀kùn ti tì, kò sẹ́ni tó tẹ iná, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì ń sáré. Á gbà pé ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá ni, á sì gé epo. RPM á já wálẹ̀. Bó ti já wálẹ̀, brain box á tún ṣí epo kí ẹ́ńjìnnì má bàa kú. Vúùn, ó rọlẹ̀. Vúùn, ó rọlẹ̀. Brain box kò ṣàìsàn, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹni tó bá ti lóye èyí kò ní jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Irú ẹ́ńjìnnì wo lẹ ní?

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún píkọ́ọ̀pù oníbẹntiróòlù tó ń lo nozzle (tó ń fín epo) àti brain box: Hilux, Tacoma, Nissan Frontier àtijọ́ àti irú wọn. Bí ti yín bá jẹ́ oníkábúrétọ̀, bíi Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù, tàbí onídísù, mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún yín nísàlẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa
- Pílàyà àti àkísà tí ẹ máa fi wé ẹnu rẹ̀
- Síkúrúdáfà àti sípánà kékeré
- Omi ọṣẹ nínú ike tí wọ́n fi ń fín omi
- Throttle body cleaner àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó
- Mítà, bí ẹ bá ní
- Ẹ̀rọ ìpaná, tàbí kí yanrìn tó kún gárawá wà nítòsí

Ẹ ka èyí kí ẹ tó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì

- Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Gáàsì olóró inú èéfín sàlẹ́ńsà ń pa ènìyàn nínú gáréèjì tàbí ọgbà tó há, gáàsì náà kò sì ní òórùn tó máa kìlọ̀ fún un.
- Ẹ tẹ bírékì ọwọ́, ẹ fi òkúta dá táyà dúró, kí jíà wà ní neutral tàbí P.
- Ẹ ká apá aṣọ sókè, ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ àti ṣéènì ọrùn. Fáànù kò mọ ọ̀rẹ́.
- Ẹ má ṣí ráádíétọ̀ tó gbóná láéláé. Omi tó máa tú jáde á bó ojú àti àyà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ tẹ́tí sí i kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ tan ọkọ̀ láàárọ̀ kùtù tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ títí á fi gbóná. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sórí ìwé tàbí kí ẹ fi fóònù ká aago RPM sílẹ̀. Ẹ kíyè sí:

- Ìgbà tó bá gbóná tán ló bẹ̀rẹ̀? Ìyẹn ló wọ́pọ̀ jù. Bó bá tutù, brain box gbà kí sìló ga díẹ̀. Bó bá gbóná, kò gbà mọ́, gígé epo á bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù ni, tàbí omi tó dín.
- Ìgbà tí ẹ bá tan AC nìkan ni? Ẹ ní kí oníṣẹ́ AC wò ó bóyá gáàsì ti dín, tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń yára tàn tó ń yára pa. Ẹ wo ọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé sìló sókè fún AC pẹ̀lú.
- Ó ń yí padà bí ẹ bá tẹ bírékì? Ẹ fura sí brake booster, ìyẹn ohun tó ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ láti tẹ bírékì.
- Bí ẹ bá yí sítíárì ńkọ́? Nínú àwọn Toyota kan, fáàfù kékeré kan wà lára pọ́ǹpù sítíárì tí ọ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ so mọ́. Bí ó bá bàjẹ́, ó tún lè máa fa ọ́ìlì sítíárì wọnú ẹ́ńjìnnì, ẹ óò rí èéfín.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ iná jẹ́jẹ́, kí RPM dé nǹkan bí 2000, kí ẹ dì í mú síbẹ̀. Bí ó bá dúró gírí, ìṣòro yín wà ní ìsàlẹ̀, níbi afẹ́fẹ́ sìló. Ẹ máa tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ 2 sí 6. Bí ó bá ṣì ń lọ sókè sódò ní 2000, ẹ máa wo epo àti airflow (sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé) kí ẹ tó fojú sí ibòmíràn.

Ìgbésẹ̀ 2: Omi ráádíétọ̀

Ó ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu pé omi lè da sìló rú. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, ìda kan wà nínú fáàfù tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní afẹ́fẹ́ àfikún láàárọ̀. Omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń gba ibẹ̀ kọjá, tó ń mú ìda náà wú kó lè ti fáàfù. Bí omi bá dín, tàbí tí afẹ́fẹ́ há sínú páìpù omi, ìda náà kì í gbóná tó, fáàfù á ṣí sílẹ̀ gbayawu, sìló á máa ga, brain box á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé epo.

1. Kí ọkọ̀ tutù pátá, ẹ ṣí ìdérí ráádíétọ̀ gan-an. Ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè kún kí ráádíétọ̀ máà kún, nítorí náà ẹ má fi ojú ike ṣe ẹ̀rí.
2. Bó bá dín, ẹ bù ú kún. Coolant ni kí ẹ lò, kì í ṣe omi ẹ̀rọ nìkan. Omi lásán ń mú ihò tóóró wọ̀nyẹn dógùn-ún, ó sì ń dí wọn.
3. Bí ibi gíga díẹ̀ bá wà, ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sí i. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì láìdé ráádíétọ̀ láti ìgbà tó ti tutù, ẹ yí heater sí gbígbóná bí ó bá ṣì wà nínú ọkọ̀ yín.
4. Ẹ máa fún ọ́ọ̀sì òkè jẹ́jẹ́ pẹ̀lú àkísà kí ó tó gbóná jù. Ẹ óò rí ìfófòó tí ń jáde. Ẹ máa bù kún un bó ṣe ń rọlẹ̀.
5. Bí ìfófòó bá ti dáwọ́ dúró tí ọ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ náà ti gbóná, ẹ dé e.

Bí sìló bá fara balẹ̀, ẹ ti rí i. Ṣùgbọ́n omi kì í dín lásán. Ẹ wá ibi tó ti ń jò kó tó di ọ̀ràn top cylinder, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ní láti sọ̀rọ̀ lórí thermostat. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ní Èkó ń yọ ọ́ dànù, wọ́n á ní ooru wa kò nílò rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Thermostat ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ìwọ̀n ooru tó yẹ. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, nǹkan bí 82°C ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Bí ẹ bá yọ ọ́, tí ẹ ń sáré lórí Third Mainland Bridge tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ráádíétọ̀, brain box á máa rò pé òwúrọ̀ ni títí di ọ̀sán. Á máa da epo sí i, sìló kò sì ní balẹ̀. Bí aago ooru yín kì í bá kúrò nísàlẹ̀, ẹ bi mẹkáníìkì yín bóyá thermostat wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ fi tuntun sí i.

Ìgbésẹ̀ 3: Ojú àti ọwọ́

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí fílítà afẹ́fẹ́ wà, kí ẹ máa tẹ̀ lé ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà títí dé ara ẹ́ńjìnnì.

Rọ́bà ńlá oníkókó tó wà láàárín airflow àti throttle body ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ sì wò ó dáadáa. Ẹ tú bóòtì rẹ̀ méjèèjì, ẹ yọ ọ́ jáde, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn nínú oòrùn. Ibi tí rọ́bà ti ká wọlé láàárín kókó méjì ló máa ń sán sí, abẹ́ ló sì sábà máa ń wà. Ibẹ̀ gan-an ni ti èmi wà. Ọjọ́ tí mo yọ rọ́bà yẹn tí mo tẹ̀ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Gbogbo ẹni tó ti wo ọkọ̀ náà ṣáájú, láti òkè ni wọ́n ti wò ó, láti òkè ó sì dán bíi tuntun.

Tẹ́ẹ̀pù àti gọ́ọ̀mù kì í pẹ́ lórí rọ́bà yìí. Ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì á yọ́ ọ. Ó lè gbé yín délé láti Òṣòdì, àmọ́ kò ju ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn èyí:

- Ẹ fa ọ́ọ̀sì kékeré kọ̀ọ̀kan tó so mọ́ manifold, ìyẹn páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì. Èyí tó bá ti gan tàbí tó ń fọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó kàn gbòòrò lẹ́nu, ẹ gé ẹnu rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tún un kì bọ̀ ọ́.
- Ẹ wá ẹnu páìpù tí kò ní ọ́ọ̀sì lórí. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ti sọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kalẹ̀ rí, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n gbàgbé ọ̀kan.
- Ẹ rí i pé ìdérí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dé pinpin, kí irin tí ẹ fi ń wọn ọ́ìlì sì jókòó dáadáa. Ìwọ̀nyí náà lè jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.
- Ẹ yọ PCV valve (fáàfù tó ń fa èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà sínú manifold), ẹ mì ín. Ó yẹ kó máa dún kọ́ọ́kọ́ọ́. Bí kò bá dún, ó ti há.
- Ẹ wo ẹnu wáyà sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tó ti rin omi àgbàrá, tàbí tó ń sùn nítòsí òkun ní Erékùṣù, máa ń ní ìdógùn-ún aláwọ̀ ewé nínú ẹnu wáyà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ há ọ́ọ̀sì lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan

Bí ojú kò bá rí i, pílàyà lè rí i. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì títí á fi gbóná tí á sì máa ṣe wàhálà rẹ̀. Ẹ fi àkísà wé ẹnu pílàyà kó má bàa gé rọ́bà, kí ẹ wá há ọ́ọ̀sì kan pa, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ tú u sílẹ̀, kí ẹ tó lọ sí òmíràn. Ẹ tẹ̀ lé ètò yìí:

1. Ọ́ọ̀sì brake booster, ìyẹn ìkòkò dúdú ńlá tó wà níwájú dírẹ́bà. Bí sìló bá balẹ̀ nígbà tí ẹ há a, booster ń jò. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bírékì bíi ìgbà márùn-ún, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ wá tan ọkọ̀. Ó yẹ kí bírékì rọlẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Bí kò bá rọ̀, booster tàbí ọ́ọ̀sì rẹ̀ ti bàjẹ́.
2. Ọ́ọ̀sì PCV.
3. Ọ́ọ̀sì fáàfù sítíárì, bí ọkọ̀ yín bá ní in.
4. Ọ́ọ̀sì AC.
5. Ọ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ tó lọ sínú IAC valve (fáàfù tó ń fún sìló ní afẹ́fẹ́), bí ti yín bá ní ọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá há èyí tí RPM wálẹ̀ tó sì dúró jẹ́ẹ́, fáàfù náà ló ń ṣí jù, tàbí omi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá há a tí sìló ṣì ga, afẹ́fẹ́ ń gba ibòmíràn wọlé. Ẹ má ra IAC rárá.

Ẹ kíyè sára: ẹ má wa ọkọ̀ tí ọ́ọ̀sì booster rẹ̀ ṣì há. Bírékì á le bí òkúta, ẹ óò sì nílò agbára ẹsẹ̀ méjì kó tó dúró.

Ìgbésẹ̀ 5: Omi ọṣẹ lára gáásíkẹ́ẹ̀tì

Bí gbogbo ọ́ọ̀sì bá dáa, ẹ lọ sí ibi tí irin ti pàdé irin: ìdí throttle body, ibi tí intake manifold ti jókòó lórí ẹ́ńjìnnì, àti rọ́bà kékeré ìdí nozzle kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ẹ fín omi ọṣẹ díẹ̀ sí ibì kan, ẹ dúró, ẹ gbọ́. Bí RPM bá yí padà, tàbí tí ìfófòó ń wọlé bí ẹni fà á, ẹ ti rí ihò náà. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì kó dá yín lójú.

Ẹ fín in ni, ẹ má dà á. Omi tutù tó dà sórí irin sàlẹ́ńsà tó gbóná lè mú un sán. Ẹ má jẹ́ kó kan distributor, coil tàbí alternator.

Àwọn kan ń fi carb cleaner ṣe é. Ó ń tètè fihàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ló wà nínú agolo yẹn, bí iná wáyà plọ́ọ̀gì kan bá ta sí i, ó parí. Èyí tó burú jù lọ ni bẹntiróòlù tí mo rí tí wọ́n ń wọ́n láti inú ike omi sórí manifold tó ń gbóná. Ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni láti ṣe èyí sí ọkọ̀ yín, bó ti wù kó ní ìrírí tó. Bí ẹ bá rí ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ èéfín wọnú manifold, ìyẹn ló dára jù. Èéfín á jáde láti ojú ihò náà gan-an, kò sí ìjiyàn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fọ throttle body àti IAC

Owó tí ẹ máa ná ní ìgbésẹ̀ yìí kò pọ̀: owó cleaner àti gáásíkẹ́ẹ̀tì ni.

1. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́.
2. Ẹ yọ rọ́bà ńlá, ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn throttle. Èérí dúdú tó lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ kì í jẹ́ kó tì dáadáa.
3. Ẹ fín cleaner sí àkísà àti búrọ́ọ̀ṣì, ẹ nù ún, ẹ fọ ihò kékeré ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ sìló ń gbà.
4. Bí IAC bá ṣe é tú, ẹ tú u. Síkúrù rẹ̀ máa ń le, ẹ lo síkúrúdáfà tó bá orí rẹ̀ mu gẹ́lẹ́. Ẹ fọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ẹ má ri apá oníwáyà sínú omi tàbí epo, ẹ má sì fi ipá ti orí fáàfù.
5. Ẹ fi gáásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dá a padà.

Fún Hilux àti Frontier tó ti tuntun díẹ̀, tí kò ní okùn iná mọ́, tó jẹ́ wáyà ló ń ṣí throttle: ẹ má fi ìka kan ilẹ̀kùn náà nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lórí on. Ó lè tì mọ́ yín níka. Lẹ́yìn fífọ̀, irú throttle yìí lè nílò kí brain box tún sìló kọ́, pàápàá Nissan. Bí sìló bá ga lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́ tán, ẹ má rò pé ẹ ti bà á jẹ́. Ẹni tó ní scanner tó dáa lè fi ṣe é.

Ìgbésẹ̀ 7: Sẹ́ńsọ̀

Sẹ́ńsọ̀ ooru omi ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Méjì ló máa ń wà lára ọ̀pọ̀ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí: oníwáyà kan tó ń bá aago inú ọkọ̀ sọ̀rọ̀, àti oníwáyà méjì tó ń bá brain box sọ̀rọ̀. Oníwáyà méjì lẹ fẹ́. Ẹ yọ ẹnu wáyà rẹ̀, ẹ fi mítà wọn ohms. Fún ọ̀pọ̀ Toyota àti Nissan, ó ń wà láàárín bíi 2000 sí 3000 ní 20°C, á sì já sí nǹkan bí 300 ní 80°C. Ní òwúrọ̀ Èkó tí kò tutù tó bẹ́ẹ̀, yóò kéré díẹ̀ sí 2000. Bí nọ́ńbà kò bá yí padà láti òwúrọ̀ sí ìgbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe páàtì tó wọ́n.

Airflow: cleaner tirẹ̀ nìkan ni kí ẹ lò, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ má fi ìka tàbí òwú kan wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀.

TPS (sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ bí ilẹ̀kùn throttle ṣe ṣí tó): bí ẹnikẹ́ni bá ti yí síkúrù tó ń dá ilẹ̀kùn throttle dúró rí, TPS lè máà mọ̀ mọ́ pé ẹsẹ̀ ti kúrò lórí iná. Ẹ wo orí síkúrù náà. Bí ọ̀dà rẹ̀ bá ti fọ́, ẹnì kan ti yí i.

Ìgbésẹ̀ 8: Scan

Ẹ óò béèrè pé kí ló dé tí mi ò fi scan ṣáájú. Torí pé scan á sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀, kò ní sọ ihò tó gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ó wúlò. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996 ní ojú ihò OBD2, ibi tí wọ́n ń ki scanner bọ̀, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Scanner kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ tó. Ẹ wá:

- P0171: afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ.
- P0505: ètò sìló kò gbọ́ràn.
- Fuel trim (bí brain box ṣe ń fi epo kún tàbí dín in kù): bí ó bá ga kọjá +10% ní sìló, tó sì rọlẹ̀ bí ẹ bá tẹ iná dé 2500, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé lẹ́yìn airflow. Bó bá ga níbi méjèèjì, ẹ wo pọ́ǹpù epo, fílítà epo, tàbí airflow tó dọ̀tí.

Ọkọ̀ tó ń lo MAP (sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú manifold) dípò airflow lè máà fi trim gíga hàn bí afẹ́fẹ́ bá ń jò. Sìló á kàn ga ni. Bí sàlẹ́ńsà bá sì ń jò níwájú sẹ́ńsọ̀ oxygen, scan lè pariwo afẹ́fẹ́ láìsí ihò kankan ní manifold. Ẹ tẹ́tí sí sàlẹ́ńsà ní òwúrọ̀.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù

Yíyí síkúrù sìló láti fi bo ìṣòro. Ó lè dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ọkọ̀ á máa kú sí yín lọ́wọ́ ní orí afárá, ẹni tó bá sì tún un ṣe lẹ́yìn yín kò ní mọ ibi tí síkúrù wà tẹ́lẹ̀.

Fífi páànù dí ojú IAC. Sìló á balẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọkọ̀ kò ní gba starter dáadáa, bí AC bá tàn á sì kú.

Yíyọ bátìrì kí wọ́n tó scan. Gbogbo kóòdù tó lè ràn yín lọ́wọ́ á pa rẹ́.

Pípààrọ̀ nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá tilẹ̀ sàn, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣe é.

Bí ti yín bá jẹ́ kábúrétọ̀ tàbí dísù

Kábúrétọ̀ kò ní brain box tó ń gé epo. Bí sìló rẹ̀ bá ń lọ sókè sódò, ẹ fi omi ọṣẹ wo gáásíkẹ́ẹ̀tì ìdí kábúrétọ̀ àti ọ́ọ̀sì rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tú jẹ́ẹ̀tì sìló, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ìdọ̀tí inú epo jálákáànì ló máa ń dí i. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un, ihò rẹ̀ á gbòòrò.

Dísù: afẹ́fẹ́ tó wọnú epo ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ wo ọ́ọ̀sì epo láti táǹkì dé fílítà, bóòtì rẹ̀, àti pọ́ǹpù ọwọ́ tó wà lórí fílítà. Ẹ pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ náà jáde kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú pọ́ǹpù ńlá.

Bí ẹ bá ní láti ra páàtì

Ládípọ̀ ní Múṣin ni ọ̀pọ̀ yín máa lọ, tàbí Ọ̀wódé Onírin, tàbí Trade Fair.

- Ẹ gbé èyí tó bàjẹ́ dání. Ẹ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wé èyí tí wọ́n gbé jáde, ẹ má gba "ọ̀kan náà ni."
- Bí ẹ bá fẹ́ IAC tokunbọ̀, ẹ béèrè throttle body tó ṣì so mọ́ ọn. Ó ń jẹ́ kí ẹ rí i pé kò sẹ́ni tó ti tú u.
- Ẹ fi ìka ti ilẹ̀kùn throttle náà. Ó gbọ́dọ̀ padà fúnra rẹ̀ láìhá.
- Ẹ bá ọlọ́jà ṣe àdéhùn ìpààrọ̀ kí ẹ tó sanwó, ẹ gba rìsíìtì.
- Ọ́ọ̀sì, gáásíkẹ́ẹ̀tì àti thermostat: tuntun ni kí ẹ rà, ẹ má ra tokunbọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn àtúnṣe

Ẹ wa ọkọ̀ náà lọ síbi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà ní ọ̀sán, bíi Ìkòròdú Road, kí AC wà ní títàn. Ẹ dúró, ẹ yí sítíárì, ẹ tẹ bírékì, ẹ pa AC, ẹ tún tàn án. RPM lè mì díẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ó yẹ kó padà sípò láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kí ẹ tó tan ọkọ̀, ẹ ṣí ráádíétọ̀ tó tutù náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wò ó bóyá omi ti dín.